Bí Òjò Dídì Bá Ti Ilé Ìwé Pa: Ẹ Fi Ebè Sílẹ̀, Ẹ Gbé Irúgbìn Jáde

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta fún àwọn òǹkàwé yín tó ń gbé níbi tí òjò dídì ti ń rọ̀, pàápàá àwọn òbí, olùkọ́ àti ọmọ ilé ìwé tó ní ọgbà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà òtútù kì í kọjá kí ọjọ́ kan má wà tí ìkéde á jáde ní ìdájí pé òjò dídì ti bo títì, ilé ìwé kò ní ṣí. Inú ọmọ á dùn, inú olùkọ́ náà á dùn, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí wọ́n ṣe ti ilé ìwé ni wọ́n ṣe ti ọgbà náà. Ẹlòmíì tó sì fẹ́ràn ọgbà rẹ̀ gan-an á gbé ṣọ́bìrì, á lọ máa ko òjò dídì kúrò lórí ebè, á ní òun ń gba ohun ọ̀gbìn òun lọ́wọ́ òtútù. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ọjọ́ yẹn wúlò ju ọ̀pọ̀ ọjọ́ mìíràn lọ fún ẹni tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ inú ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí. Níta, ohun tí ọgbà ń bẹ̀ wá fún kò ju pé kí a má ṣe é ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ebè bẹ̀rẹ̀. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ìdá 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àwọn hóró yìnyín wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há, tí kò lè rìn, kì í jẹ́ kí ooru inú ilẹ̀ tètè jáde. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tí òjò dídì bò tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 fi lè dúró sí nǹkan bíi dígírì òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè ti já sí dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo. Ọmọ ilé ìwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ fún un ní tẹ̀mómítà oníṣóńṣó méjì. Kí ó fi ọ̀kan lélẹ̀ lórí òjò dídì níbi tí oòrùn kò ti kàn án, kí ó ti èkejì wọlé ṣánṣán títí ẹnu rẹ̀ á fi kan iyẹ̀pẹ̀, kí ó sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 15 kó tó kà á. Bí òjò dídì bá nípọn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á yà á lẹ́nu. Kí ó tún ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbá ilẹ̀ mọ́, kó wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe máa kéré tó.

Ohun tó tún ń pa ewéko nígbà òtútù, tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí, ni kí ilẹ̀ máa dì, kó yọ́, kó tún dì. Omi inú iyẹ̀pẹ̀ ń fẹ̀ sí i tó bá dì, yìnyín á sì máa ti iyẹ̀pẹ̀ sókè láti abẹ́, á gbé gbòǹgbò pẹ̀lú rẹ̀. Sitirọ́bẹ́rì àti gbogbo ohun tí a gbìn nígbà ìwọ́wé tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì múlẹ̀ ni èyí máa ń bá jù. Ẹ ó rí ọrùn ewéko náà tó ti yọ kúrò nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á wà níta gbangba, afẹ́fẹ́ òtútù á sì gbẹ ẹ́ pa. Abẹ́ òjò dídì tó nípọn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, torí pé ooru ibẹ̀ kì í yí padà lójijì. Aáyù tí ẹ gbìn nígbà ìwọ́wé wà ní àlàáfíà lábẹ́ rẹ̀. Òtútù náà gan-an ló máa jẹ́ kí ó pín sí awẹ́ nígbà tó bá yá. Nítorí náà, ebè tí òjò dídì bò kì í ṣe ìṣòro yín. Ebè tí afẹ́fẹ́ ti gbá òjò dídì rẹ̀ lọ ni kí ẹ wò. Ẹ bu òjò dídì tó mọ́ láti ibòmíràn, kí ẹ dà á lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí òjò dídì kò bá tó, koríko gbígbẹ náà dára. Èyí tí ilẹ̀ bá ti tì jáde, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì, gbòǹgbò á já. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa bo gbòǹgbò náà, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Ẹsẹ̀ ènìyàn náà ní tirẹ̀. Ibi tí a bá ti tẹ òjò dídì mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jáde nìyẹn, ó ti di yìnyín, kò lè pa ooru mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, òun ló sì máa ń yọ́ kẹ́yìn. Lórí pápá koríko, irú ojú ibẹ̀ ni a máa ń rí nígbà ìrúwé pẹ̀lú àbàwọ́n róbótó aláwọ̀ eérú tàbí osùn fẹ́ẹ́rẹ́, tí èéhù tín-tìn-tín kan bí òwú aláǹtakùn bo koríko tó ti kú. Kí àwọn ọmọ ṣeré o, ọjọ́ wọn ni. Ẹ kàn yan apá kan fún wọn kí wọ́n tó jáde, kí ère òjò dídì tí wọ́n bá mọ má baà dúró lé aáyù lórí. Àwọn kan a tún máa pe òjò dídì ní ajílẹ̀ ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, náítírójìn díẹ̀ máa ń bá a sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, àmọ́ ó kéré gan-an. Ẹni tó bá gbójú lé e, ewé kábéèjì rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Igi ló kàn. Àwọn igi tí kì í wọ́wé, bíi thuja àti juniper, ni òjò dídì ń yọ lẹ́nu jù, nítorí ewé wọn ló ń gbé e dúró. Èyí tó bá ga tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì yọ igi bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìdí kan náà, òun ló máa ń là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òjò dídì náà bá ṣì rọ̀, ẹ mú ìgbálẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kí ẹ ti ìgbálẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀ka, kí ẹ sì rọra gbọ̀n ọ́n sókè. Òkè ni kí ọwọ́ máa lọ. Ẹni tó bá dúró lókè tó ń lù ú bọ̀ nísàlẹ̀ ń fi agbára ọwọ́ rẹ̀ kún ẹrù tí ẹ̀ka ti rù tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó gbọ̀n sílẹ̀ á tún lọ jókòó lé ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ yìnyín ló ti gan mọ́ ẹ̀ka, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Igi tó ti dì kì í tẹ̀, ńṣe ló ń dá. Omi gbígbóná kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí oòrùn yọ́ ọ. Ẹ̀ka tó tẹ̀ kodoro lónìí lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó nàró padà, nítorí náà, ẹ má tètè gé e. Èyí tó bá ti dá, ẹ dúró di ọjọ́ tí òtútù bá dínkù kí ẹ tó gé e, kí ẹ gé e ní ìta ibi tó wú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀ka, kí ẹ má sì fi ọ̀dà kankan kùn ún. Ní ọdún tó ń bọ̀, kí òjò dídì tó dé, ẹ fi okùn tó rọ̀ wé irú igi bẹ́ẹ̀ yíká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ sì tú u nígbà ìrúwé.

Ẹni tó ní ilé ọ̀rá tàbí ilé onígíláàsì fún ewéko, tirẹ̀ kò gba ìdúró. Òjò dídì gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lè wúwo tó kìlógíráàmù 50 sí 100 nínú mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Èyí tó lómi lára lè ju 250 lọ. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò: sẹ̀ǹtímítà 30 òjò dídì tó lómi, lórí mítà kan níbùú lóròó péré, tó kìlógíráàmù 75. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀ nìyẹn lórí ọ̀rá! Ẹ fi aṣọ wé orí ìgbálẹ̀, kí ẹ máa ti inú ilé ọ̀rá náà gbún un lókè jẹ́jẹ́ kí òjò dídì máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe é léraléra nígbà tó bá ṣì ń rọ̀. Bí irin tàbí òpó bá ti tẹ̀, ẹ má wọ inú rẹ̀ mọ́, ẹ má sì rán ọmọ wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi lẹ́tà ńlá kọ. Ohun tó ń ba ọgbà jẹ́ jù lọ́jọ́ òjò dídì kì í ti ojú ọ̀run wá, inú àpò tí a ń fọ́n sí ẹnu ọ̀nà ló ti ń wá. Ọ̀nà méjì ni iyọ̀ ń gbà ṣe é. Bí ó bá ti wọ iyẹ̀pẹ̀, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà dáadáa, ewéko á máa gbẹ lójú omi. Lẹ́yìn náà, sódíọ̀mù inú rẹ̀ á gba ipò kálísíọ̀mù lára iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó ti ń ṣù wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ á tú, á sì wá lẹ̀ pọ̀. Omi kò ní lè wọ ọ́, afẹ́fẹ́ kò ní lè wọ ọ́. Ìgbà ìrúwé ni ẹ ó tó rí àbájáde rẹ̀: igi tí kì í wọ́wé á gbẹ ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì nìkan, etí ewé àwọn yòókù á jó bí ìgbà tí iná là á, àwọn ènìyàn á sì máa wá kòkòrò tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ẹ tètè ko òjò dídì ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ di yìnyín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iyọ̀ díẹ̀ ló kù tí a nílò, bí a bá tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ fọ́n iyanrìn sí i kí ẹsẹ̀ lè múlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lo iyọ̀, kí ó pò ó mọ́ iyanrìn, kó sì rántí pé bí òtútù bá ti kọjá dígírì 10 nísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ yìnyín mọ́, ìnákúnàá ni. Òjò dídì tí iyọ̀ ti wọ̀, ẹ má dà á sórí ebè tàbí sí ìdí igi. Ẹ wá ibi tí omi rẹ̀ á ti ṣàn lọ sí gọ́tà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti bọ́ sórí, tí iyọ̀ ti wọ ebè, ẹ dúró kí ilẹ̀ yọ́ tán pátápátá, kí ẹ wá fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ wọlẹ̀: lítà 50 lórí mítà kan níbùú lóròó, díẹ̀díẹ̀ kó má baà ṣàn dànù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí kò ní ṣiṣẹ́ níbi tí omi kì í ti í fà lọ.

Eku pápá náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òjò dídì, níbi tí ológbò àti ẹyẹ kò ti lè rí i, èèpo ìdí igi eléso ló ń jẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́ yí igi náà ká, igi kú nìyẹn. Ibí yìí nìkan ni mo gbà kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ òjò dídì: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí yí ìdí igi kéékèèké ká, kó le débi tí eku kò ní lè gbẹ́ ọ̀nà kọjá. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ ni ojútùú tó dájú, kí ó wọlẹ̀ díẹ̀, kí ó sì ga ju ibi tí òjò dídì ń dé lọ, torí ehoro lè dúró lórí òjò dídì jẹ èèpo tó wà lókè.

Ó parí níta. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé, ẹ kó gbogbo irúgbìn yín sórí tábìlì.

Irúgbìn kì í pẹ́ bákan náà. Ti àlùbọ́sà àti parsnip kì í sábà dára kọjá ọdún kan sí méjì. Ti ata àti ilá máa ń lo bí ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ̀wà bí mẹ́ta, kábéèjì àti tòmátò bí mẹ́rin sí márùn-ún, kùkúḿbà bí márùn-ún. Èyí jẹ́ fún irúgbìn tó wà níbi gbígbẹ tó tutù. Èyí tó bá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó ń gbóná, ẹ gé iye ọdún yẹn sí méjì. Ọ̀rinrin àti ooru ló ń pa irúgbìn. Ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé tó wà ní Svalbard ní Norway, tí wọ́n ṣí ní 2008, dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí, nínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Tiwa kò nílò tó bẹ́ẹ̀: ìgò tó ní ìdérí líle, nínú fíríìjì, ó ti tó. Èpò wá yàtọ̀ sí ohun tí à ń jẹ. Ní 1879, onímọ̀ nípa ewéko kan, William Beal, ri ìgò 20 tó kún fún irúgbìn àti iyanrìn mọ́lẹ̀ ní Michigan, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa wú wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wú ọ̀kan ní 2021, irúgbìn èpò kan tí wọ́n ń pè ní Verbascum tó wà nínú rẹ̀ hù. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí èpò kì í fi tán nínú ebè òun, ìdáhùn kan nìyẹn.

Ọdún tí a kọ sára páálí kò tó láti fi ṣèdájọ́, ẹ dán irúgbìn náà wò. Ẹ mú tíṣù tó nípọn, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Ẹ to hóró 10 sí apá kan rẹ̀, kí wọ́n má kan ara wọn, kí ẹ ṣẹ́ apá kejì lé e. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ kọ orúkọ irúgbìn àti ọjọ́ sí i lára. Ibi tí ooru bá tó dígírì 20 sí 25 ni kí ẹ gbé e sí. Orí fíríìjì sábà máa ń dára. Etí fèrèsé kò dára lásìkò yìí, ó tutù jù. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ ń wá ni gbòǹgbò funfun kan tó tín-ín-rín, tó kọ́kọ́ yọ ṣóńṣó láti ẹnu hóró, tó wá tẹ̀ kọ́rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, irun wẹ́wẹ́ á ti bo ara rẹ̀. Ọmọ máa ń pe irun yẹn ní èéhù. Ẹ wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́: irun gbòǹgbò á lẹ̀ mọ́ra á pòórá lójú, èéhù kò ní pòórá.

Tòmátò lè hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ẹ̀wà láàárín 7 sí 10, ata lè tó 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, parsley lè dé 21. Bí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù nínú 10, ẹ gbìn ín bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 7, ẹ gbìn ín ní ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó 5, ẹ wá òmíràn, nítorí èyí tó hù pàápàá kò ní lágbára. Bí irúgbìn bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lo 20, torí hóró 10 kéré, orí ire lásán lè mú kí ìdáhùn yí. Ohun tó sábà ń ba ìdánwò yìí jẹ́ ni omi àpọ̀jù. Hóró tó bá rì sínú omi kò rí afẹ́fẹ́ mí, á jẹrà, ẹ ó sì rò pé ó ti kú tẹ́lẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kejì ni gbígbìn sínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọjọ́ irú èyí, torí gbogbo ilé ló lè bá wọn ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì wàrà oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tó tó lítà 4, ni kí ẹ fọ̀ mọ́. Ẹ lu ihò 5 sí 6 sí ìdí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 6. Ẹ̀gbọ́n tàbí àgbà ni kó mú ọ̀bẹ, kó gé e yíká ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀, kó sì fi ìdí ibi ìmúdání sílẹ̀ láìgé, kó lè máa ṣí bí ìdérí. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tí a pò fún ìkòkò sí i, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Iyẹ̀pẹ̀ inú ọgbà wúwo jù, á lẹ̀ pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa kán ní ìdí, kí ẹ jẹ́ kó rọ omi dànù, kí ẹ wá fọ́n irúgbìn, kí ẹ bò ó bí irúgbìn náà ṣe nípọn tó. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ padà yíká. Ẹ ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ nù. Àbúrò ni kó kọ orúkọ: pẹ́ńsù ni kó fi kọ ọ́ sórí ike pẹlẹbẹ, kó ri ọ̀kan sínú kẹ́ẹ̀gì, torí oòrùn máa ń pa tàdáwà púpọ̀ rẹ́ kí ìrúwé tó dé.

Ẹ wá gbé e síta, sáàárín òjò dídì, níbi tí òjò ti lè kàn án. Òtútù á máa wọ irúgbìn, yóò máa dì, yóò máa yọ́, èèpo líle á rọ̀. Nígbà tí àsìkò bá tó, yóò hù fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ fún un ni àwọn tó lè fara da òtútù: kale, kábéèjì, ẹ̀fọ́ sípínáàshì, létúùsì, àti àwọn òdòdó tó nílò òtútù kí wọ́n tó hù, bíi milkweed àti echinacea. Ata àti ilá kò sí níbẹ̀, ooru ni tiwọn. Bí ó bá kùnà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ gbé e sí: abẹ́ òrùlé ni òjò kì í dé, á gbẹ. Bí ihò bá sì kéré, omi á dúró, irúgbìn á jẹrà. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oòrùn bá mú nígbà ìrúwé. Inú kẹ́ẹ̀gì máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á sè sínú rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: láti ìgbà tí ewé bá ti yọ, ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá máa ràn, kí ẹ pa á dé ní alẹ́ tí ìrì bá máa dì.

Bí kẹ́ẹ̀gì ti wà níta, ẹ gbé kàlẹ́ńdà. Ẹ wá ọjọ́ tí ìrì dídì ìkẹyìn sábà máa ń bọ́ sí ládùúgbò yín, kí ẹ máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 fún àlùbọ́sà, 8 sí 10 fún ata, 6 sí 8 fún tòmátò, 3 sí 4 fún kùkúḿbà. Ìkánjú ọjọ́ òjò dídì ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn ka ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n á gbin tòmátò ní ọ̀sẹ̀ 14 ṣáájú, sí etí fèrèsé, yóò ga lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, á sì wó. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà òtútù kò tó. Iná LED tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lókè ewé, tó ń tàn fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ni yóò mú kí igi rẹ̀ nípọn. Ẹ pa á lálẹ́, ewéko náà nílò òkùnkùn.

Bí àyè bá kù, ọkọ́ àti àlùmọ́gàjí ìgéka wà níbẹ̀. Ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ pọ́n ẹnu wọn ní ẹ̀gbẹ́ tó ti wà ní pípọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan, ẹ fi ọtí spirit nu àlùmọ́gàjí kí àrùn igi kan má baà kọjá sí òmíràn. Ẹ fi òróró linseed pa èèkù onígi. Àkísà tí ẹ fi pa á, ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ sínú garawa, torí òróró yẹn máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò bá tíì balẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bu òjò dídì tó mọ́ kún garawa, kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí wọ́n rò pé omi rẹ̀ máa dé. Bí òjò dídì náà bá fúyẹ́, omi rẹ̀ lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè gba ooru inú ilé, kí wọ́n wá fi bomi rin òdòdó inú ìkòkò. Kò ní kiloríìnì, kò sì ní ẹfun tó ń di funfun lára ìkòkò.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn jáde, ẹ má dúró di ìgbà ìrúwé. Ẹ tẹ kíka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn yẹn àti iye ọdún tí irúgbìn ń lò sójú ìwé kan ṣoṣo, kí òjò dídì àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí ìdílé lè gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bí àyè bá kù lójú ìwé náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé